Lórí Òṣùwọ̀n

Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ní Oulu, ilẹ̀ ò tíì mọ́.
Yìnyín bo fèrèsé bí ẹni fi ìyẹ̀fun rẹ́ ẹ.
Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ṣí àgò kẹtàdínlógún,
mo gbé eku funfun sínú abọ́ òṣùwọ̀n.
Àwọn tí ìyá wọn lo oògùn ìsoríkọ́ nígbà oyún,
mo wọ̀n wọ́n.
Àwọn tí ìyá wọn mu omi lásán,
mo wọ̀n wọ́n.
Oṣù kìíní, ọgbọọgba ni. Oṣù kejì, ọgbọọgba.
Ó di oṣù kẹfà, ìwọ̀n àwọn ti àkọ́kọ́ ń gòkè,
ọ̀rá rọra ń kó wọnú ẹ̀dọ̀ wọn,
ṣúgà jókòó sínú ẹ̀jẹ̀ wọn
bí àlejò tó jẹun tán tí ò bèèrè bàtà rẹ̀.
Oúnjẹ kan náà ni mo ń fún wọn o.
Ọwọ́ mi yìí náà ló ń bù ú.

Dókítà Kemppainen ní, "Helka, kọ ọ́ sílẹ̀."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Kò mọ̀ pé orúkọ kan ló ń yún mi níka.

Saimi,
ọdún tí mo lóyún rẹ, oòrùn wọ̀ ní oṣù Kọkànlá,
lójú tèmi, kò yọ mọ́.
Mo máa ń jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì,
ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́,
títí bàbá rẹ á fi ti ibi iṣẹ́ dé.
Mo rìn dé orí afárá lálẹ́ ọjọ́ kan.
Odò ti dì.
Mo ń fojú wá ibi tí kò dì.
Mi ò sọ èyí fún ọ rí.

Lẹ́yìn náà, hóró kan láràárọ̀,
apá kan funfun, apá kan bí ewé tútù.
Lọ́sẹ̀ karùn-ún, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ kejì.

Mo ṣebí èmi nìkan ni mò ń gbé e mì.
Ìwọ́ ò mọ oúnjẹ yàtọ̀ sí oògùn,
ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń pín.
Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.
Mo ka ẹ̀fà, Saimi. Ta ló ráyè ka ẹ̀yìn rẹ̀?

O pé ọdún márùndínlógún.
Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé pè mí: ṣúgà rẹ ti dé bèbè.
O ò bá wọn lọ wẹ̀ mọ́.
Ìyá mi àgbà ní ẹnu ọmọ yìí ò sinmi.
Lóru, mo ń rí iná fíríìjì lábẹ́ ilẹ̀kùn,
mo ń gbọ́ ọ̀bẹ lára búrẹ́dì líle,
mo yíjú sí ògiri.

Mo bi dókítà léèrè, bí ẹni ń bèèrè fún ará ibòmíràn.
Ó ní eku kì í ṣe ènìyàn.
Ó lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ ìsoríkọ́ fúnra rẹ̀,
ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ bàbá ọmọ, ó lè jẹ́ búrẹ́dì.
Ó lè jẹ́, ó lè jẹ́.
Mo nu abọ́ òṣùwọ̀n, ó padà sí òdo.
Ó mọ ìwọ̀n eku dé orí ìdá gíráàmù.
Kò sí ibi tí mo fẹ́ gbé afárá yẹn lé lórí rẹ̀.

Eku kẹtàdínlógún, tó sanra jù nínú wọn,
fi ọwọ́ méjèèjì di àtàǹpàkò mi mú.
Ara rẹ̀ gbóná.
Mo jẹ́ kó dì í mú ju bí ìwé iṣẹ́ ti wí lọ.

Lálẹ́ òní, bí o bá ṣí fíríìjì,
n ó jáde wá. N ó gé tèmi náà.
Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa parí sí,
ṣùgbọ́n láti orí ìbọ̀sẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.